Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt: Obìnrin Tí Kò Fi Owó Ra Ọlá

 

 Ìtàn ìgbésí ayé obìnrin kan ni a gbé wá fún yín ní oṣù yìí. Ṣùgbọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ohun tí ó mú wa yan ìtàn náà.

Ọmọdékùnrin kan wà ní ilé-kéwú wa ní ìgbèríko Lágelú. Ọmọ ọdún méje ni. Ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, kì í pẹ́ há orí wàláà rẹ̀ sórí, ṣùgbọ́n bí ó bá ń rìn, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ a máa wọ́ nílẹ̀. A bi ìyá rẹ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Ìyá ní rárá o. Ó ní ibà ni ó mú ọmọ náà nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan. Ọmọbìnrin kan tí ó wọ aṣọ funfun ni ó gún un ní abẹ́rẹ́ ní ìdí. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ ọmọ ti rọ.

Iṣan ńlá kan wà tí ó gba inú ìdí ènìyàn kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Òun ni ó ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ wá tí ẹsẹ̀ fi ń gbé sókè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣìnà tí ó bá iṣan yìí, ẹsẹ̀ lè rọ, ó sì lè má padà sí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ ibi tí ó yẹ kí abẹ́rẹ́ wọ̀ lára àgbàlagbà, ó sì mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ itan ni ó dára jù fún ọmọ kékeré. Ọmọbìnrin aláṣọ funfun yẹn kò mọ̀. Nígbà tí a wádìí rẹ̀, a gbọ́ pé oṣù mélòó kan péré ni ó fi gbálẹ̀ tí ó sì fi fọ aṣọ níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́. A tún gbọ́ pé ọmọ Mùsùlùmí ni, láti abúlé tí kò jìnnà sí tiwa. Ó fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì gidi nígbà tí ó parí ìwé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kọ̀. Bàbá ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò yẹ ọmọ òun. Nígbà tí ọmọ kò rí ọ̀nà tààrà gbà, ó gba ọ̀nà àbùjá.

Èyí ni ó mú wa rántí Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt. Bàbá tirẹ̀ náà kò fẹ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún un. Ṣùgbọ́n òun kò gba ọ̀nà àbùjá.

Ìdí tí kò fi yẹ kí ó yà wá lẹ́nu

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni ó pa ìwé ìròyìn àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí pọ̀ mọ́ obìnrin tí kì í ṣe Mùsùlùmí? Òótọ́ ni, ilé àwọn Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n bí i sí, ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì ni ó sì ti kàwé. A kò fi èyí pa mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ṣe, àwọn ènìyàn wa ni ó ṣe é fún. Àìmọye àwọn ìyá wa láti Mọníyà, láti Láàlúpọn, láti Ẹgbẹ́dá àti láti Àkànrán ni wọ́n ti dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì UCH ní Ìbàdàn tí ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì tọ́jú wọn.

Yàtọ̀ sí èyí, iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn kì í ṣe àjèjì nínú Ìsìláàmù. Ní ayé Ànábì, obìnrin kan wà ní Mẹ̀dínà tí ń jẹ́ Rufaydah, ọmọ ẹ̀yà Aslam. Àgọ́ kan wà tí ó ti ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Nígbà ogun Kòtò, ní ọdún karùn-ún lẹ́yìn Hijrah, tí ó jẹ́ ọdún 627, ọfà ba Sa'd ọmọ Mu'ādh ní apá. Ànábì pàṣẹ kí wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ Rufaydah tí ó wà ní mọ́sálásí, kí òun lè máa bẹ̀ ẹ́ wò nítòsí. Inú mọ́sálásí ni iṣẹ́ yìí ti wáyé, obìnrin ni ó ṣe é, Ànábì ni ó sì fi aláìsàn ránṣẹ́ sí i. Bí bàbá kan bá wá sọ pé iṣẹ́ náà kò yẹ ọmọ Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí ó rántí Rufaydah.

Ìbí rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Nǹkan bí ọdún 1915 ni wọ́n bí Kòfowórọlá ní Èkó, sínú ìdílé Scott. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ tó ìwàásù: ẹni tí kò fi owó ra ọlá. Ilé ìwé St. John's ní Arọ́lọ́yà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, lẹ́yìn náà ni ó lọ sí CMS Girls' School ní Èkó kan náà.

Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń wu ú láti di nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò fọwọ́ sí i. Kí a má dá bàbá náà lẹ́bi jù. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí iṣẹ́ ọmọ ọlọ́lá. Wọ́n rí i bí iṣẹ́ ẹni tí ń gbálẹ̀ ọsibítù tí ó sì ń da ìgbọ̀nsẹ̀ aláìsàn nù. Àwọn òyìnbó ni ìjọba amúnisìn fi sí gbogbo ipò gíga nínú iṣẹ́ náà. Bí ó ti wù kí ọmọ Nàìjíríà mọ iṣẹ́ tó, ibi tí yóò dé kò ga.

Kòfowórọlá kò bá bàbá rẹ̀ jà, kò sì sá kúrò nílé. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní United Missionary College ní Mọ́lété ní Ìbàdàn wa níhìn-ín. Nígbà tí ó gba ìwé ẹ̀rí, ó padà sí CMS Girls' School tí ó ti jáde, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níbẹ̀ láti ọdún 1936 títí di 1940. Tíṣà gidi ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀.

Ní ọdún 1941 ó fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Olú Pratt, ẹni tí ó jẹ́ apòògùn. Nígbà tí ó yá, ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ní ọdún 1946, Kòfowórọlá tẹ̀ lé e lọ. Níbẹ̀ ni ilẹ̀kùn tí ó ti tì láti ìgbà èwe rẹ̀ ti ṣí. Ọkọ rẹ̀ kò dí i lọ́wọ́, ó gbà á níyànjú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹ ń wá ìyàwó, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ọkọ tí ó ti iyàwó rẹ̀ lẹ́yìn láti kọ́ ìmọ̀ tí ó ṣe àǹfààní kò sọ ipò olórí ilé nù.

Ọdún mẹ́ta lábẹ́ ẹ̀kọ́ líle

Ilé ẹ̀kọ́ tí ó wọ̀ kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ lásán. Ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ni, ní ọsibítù St. Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Florence Nightingale, obìnrin tí ó tọ́jú àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Crimea, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é, ọdún 1860 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ètò kíkọ́ nọ́ọ̀sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ẹ rò ó wò. Obìnrin tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí ó ti ṣe tíṣà, tí ó ti di ìyàwó ilé, ni ó jókòó ti àwọn ọmọ òyìnbó tí kò tíì pé ogún ọdún púpọ̀. Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Oúnjẹ ṣì wà lábẹ́ ìwọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì ti wó lára ilé ọsibítù náà, òtútù ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1947 sì jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí ó le jù tí wọ́n rí ní ilẹ̀ náà. Níbẹ̀ ni ọmọ Èkó ti ń jí ní ìdájí lọ sí wọ́ọ̀dù.

Báwo ni ẹ̀kọ́ náà ti rí? Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹni tí ń kọ́ nọ́ọ̀sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Yóò kọ́ bí a ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí aláìsàn wà lórí rẹ̀ láìgbé e kúrò. Yóò kọ́ bí a ti ń wẹ aláìsàn, bí a ti ń bọ́ ọ, bí a ti ń gbé póò fún un tí a sì ń wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kí a tó dà á nù, nítorí ìgbọ̀nsẹ̀ a máa sọ ohun tí ó ń ṣe ènìyàn. Yóò kọ́ bí a ti ń wọn ìgbóná ara, bí a ti ń ka ìlù iṣan ọrùn ọwọ́, bí a ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìfi èké kún un. Yóò kọ́ bí a ti ń se irinṣẹ́ kí kòkòrò àrùn tó wà lára rẹ̀ lè kú, bí a ti ń di egbò, bí a ti ń wọn oògùn. Yóò wọ kíláàsì láti mọ egungun, ẹran ara àti iṣan. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò, apá kìíní àti apá ìkẹyìn.

Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ayé ìgbà náà kan àwa ará abúlé gan-an. Wọ́n ń kọ́ wọn láti máa fi ọṣẹ àti spirit wọ́ ẹ̀yìn àti ìdí ẹni tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ó má baà ní egbò ìdùbúlẹ̀. Lónìí, ìmọ̀ ti tẹ̀ síwájú. A ti mọ̀ pé bí awọ bá ti pọ́n, fífi agbára wọ́ ọ a máa ba ẹran abẹ́ rẹ̀ jẹ́ ni. Yíyí aláìsàn padà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì lóòrèkóòrè, kí ojú kan má baà gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀, ni ó ń dènà egbò náà. Ní àwọn abúlé wa, bí bàbá kan bá rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, ẹbí a tètè wá ẹni tí yóò fi òrí wọ́ ọ. Inú rere ni, ara aláìsàn a sì máa fúyẹ́ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ìwọ́ra nìkan kò tó, ìwọ́ra tí ó le jù lórí egungun tí ó kán tàbí awọ tí ó ti pọ́n a sì máa pa ènìyàn lára. Ọwọ́ dára, ọwọ́ tí ó ní ìmọ̀ ni ó dára jù. Àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ fífi ọwọ́ àti eré ìdárayá tún iṣan ṣe, tí a ń pè ní physiotherapist, ń lo ọdún púpọ̀ ní yunifásítì kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn láìsí ẹni tí ń wò wọ́n. Irú wọn ni a gbà ìyá ọmọ ilé-kéwú wa nímọ̀ràn láti gbé e lọ bá.

Ẹ̀gàn tí ó rí

Kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ni ó le. Aláìsàn kan wà tí ó kọ̀ pé Kòfowórọlá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òun nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ronú sí i dáadáa. Ènìyàn wà lórí àìsàn, ìtọ́jú wà níwájú rẹ̀, ó kọ ìtọ́jú nítorí ọwọ́ tí ó gbé e wá dúdú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ìbá ti gbé àpótí wa padà sílé ní ọjọ́ náà. Kòfowórọlá dúró. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ó gbà á, ó sì ń kàwé lọ.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún 1948, nígbà tí ó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ náà, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní NHS. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń pè é ní ọ̀kan lára àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ètò náà. Ó yege nínú ìdánwò rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1950, orúkọ rẹ̀ ti wọ inú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì tí ìjọba fọwọ́ sí.

Ìbá padà wálé nígbà náà, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n ó dúró láti kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn lé e, títí kan ọ̀nà tí a fi ń darí wọ́ọ̀dù. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni ó lò kí ó tó padà sí Nàìjíríà.

Ó padà sí Ìbàdàn

Ọdún 1954 ni ó dé. Ní ìgbà náà, òfin tí ó dá UCH sílẹ̀ ti wà láti ọdún 1952, ṣùgbọ́n ilé ńlá tí ẹ mọ̀ ní apá Ọ̀rìta Mẹ́fà kò tíì parí. Ọsibítù Adéọ̀yọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì. Oṣù kọkànlá ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ilé tuntun náà.

Ipò Sister, èyíinì ni olórí wọ́ọ̀dù, ni wọ́n fi Kòfowórọlá sí. Ọwọ́ àwọn òyìnbó ni ipò yẹn sábà máa ń wà. Gbogbo ojú ni ó ń wò ó. Bí ó bá ṣe àṣìṣe kan, wọn kò ní sọ pé Pratt ni ó ṣe é, wọn yóò sọ pé ọmọ Nàìjíríà kò lè ṣe é. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ bí ẹni tí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwọn, ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti jáde sì jẹ́ èyí tí àwọn fúnra wọn ń bọ̀wọ̀ fún. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ojú àánú ni wọ́n fi gbà á.

Láti ipò kan sí òmíràn ni ó ń gòkè. Orílẹ̀-èdè wa gba òmìnira ní ọdún 1960. Ní ọdún 1964, Kòfowórọlá Pratt di Matron UCH, olórí gbogbo nọ́ọ̀sì ọsibítù náà, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò dé ipò náà. Láti ìgbà tí ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù di ọjọ́ yìí jẹ́ ọdún méjìdínlógún. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tí ó gùn kò yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn mìíràn

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń dúró nìyẹn. Wọ́n á dé òkè, wọ́n á sì fa àkàbà sókè kí ẹlòmíràn má baà gùn ún. Kòfowórọlá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1965, wọ́n dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà lára àwọn tí ó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Irú rẹ̀ kò tíì sí ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Kí èyí tó wáyé, nọ́ọ̀sì tí ó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní láti wọ ọkọ̀ òkun tàbí bàálù. Láti ìgbà náà wá, ó lè wọ mọ́tò láti Mọníyà.

Ní ọdún 1965 kan náà ni ìjọba àpapọ̀ fi í ṣe Olórí Nọ́ọ̀sì fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó wà lára àwọn tí ó kó ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí ó kọ́ṣẹ́ jọ, ó sì dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ fún wọn tí ń jẹ́ Nigerian Nurse, kí ìmọ̀ má baà dúró lọ́dọ̀ ẹnìkan. Ó tún wà lára àwọn olórí ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn obìnrin Nàìjíríà, National Council of Women's Societies.

Ní ọdún 1973, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Mobọ́lájí Johnson fi í ṣe kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera. Ní ọdún náà ni ẹgbẹ́ Red Cross àgbáyé fún un ní àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale, èyí tí ó ga jù tí wọ́n ń fún nọ́ọ̀sì. Ní 1975 wọ́n fi í jẹ oyè Ìyá Ilé Agbo ní Ìṣẹrì. Ní 1979, ẹgbẹ́ ńlá àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Royal College of Nursing, fi oyè ọlá dá a lọ́lá. Ilẹ̀ tí aláìsàn ti kọ ọwọ́ rẹ̀ nítorí pé ó dúdú ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé oyè lé e lórí.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà ọdún 1992 ni ó fi ayé sílẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí nọ́ọ̀sì kan tí ó kàwé ní Ìbàdàn bá yí aláìsàn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, a jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì kú.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́

Èkíní, fún ẹ̀yin òbí. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún nígbà náà ní ìdí tí ó ṣeé gbọ́, nítorí pé òyìnbó ti dí ọ̀nà òkè. Lónìí ọ̀nà ti là. Bí aṣọ tàbí iṣẹ́ alẹ́ bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ bá ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà, ẹ béèrè, ẹ wo ibùgbé wọn pẹ̀lú ojú yín. Kíkọ̀ láìbéèrè ni ó ń ti ọmọ lọ sí ibi tí wọn yóò ti fi oṣù mẹ́ta sọ ọ́ di nọ́ọ̀sì auxiliary.

Èkejì, fún ẹ̀yin ọ̀dọ́. Aṣọ funfun kì í ṣe ìmọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń béèrè kírẹ́dììtì márùn-ún: èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, Biology, Chemistry àti Physics. Kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè bóyá Nursing and Midwifery Council of Nigeria fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Eléyẹlé, ti UCH wà níbẹ̀, Yunifásítì Ìbàdàn sì wà níbẹ̀. Bí kírẹ́dììtì kan bá kù, ẹ tún ìdánwò ṣe. Ọdún kan tàbí méjì kò pọ̀ jù fún ẹni tí ó bá rántí pé Kòfowórọlá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má rò pé iṣẹ́ obìnrin nìkan ni. A nílò ẹni tí yóò gbé àwọn bàbá wa dìde, tí ojú kò sì ní tì wọ́n níwájú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, fún àwa olùkọ́ ilé-kéwú. Àwa náà ní ẹ̀bi. Ìgbà mélòó ni a ti bínú sí ọmọ tí ó pa kéwú ìrọ̀lẹ́ jẹ nítorí ẹ̀kọ́ Chemistry? Imām al-Ghazālī, láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ti là á yé wa pé ìmọ̀ ìṣègùn jẹ́ ọ̀ranyàn àpapọ̀. Bí ìlú kan kò bá ní ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, ẹ̀ṣẹ̀ náà wà lọ́rùn gbogbo ìlú. Ó tilẹ̀ ráhùn sí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà tirẹ̀ ti ń sáré tọ ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn tí wọ́n sì pa ìṣègùn tì. Ní ilé-kéwú tiwa, a ti yí àkókò padà: àwọn tí ń múra ìdánwò WAEC ń wá ní àárọ̀ Sátidé àti Sọ́ńdè, a sì fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mìíràn sílẹ̀ fún wọn láti kàwé. Alùkùránì kò dín, ìwé kò sì dín.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí á fi ọmọ tí ń wọ́ ẹsẹ̀ yẹn sọ́kàn. Kì í ṣe ọmọbìnrin tí ó gún un ní abẹ́rẹ́ nìkan ni ó jẹ gbèsè rẹ̀. Bàbá tí ó kọ̀, oníléwòsàn tí ó gbé abẹ́rẹ́ lé aláìmọ̀kan lọ́wọ́, àwa aládùúgbò tí a ń pe ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ funfun ní nọ́ọ̀sì láìbéèrè ìwé àṣẹ rẹ̀, gbogbo wa ni a jọ jẹ ẹ́. Sísan gbèsè náà ni kí a rí i pé ọmọ tí yóò tún gún ọmọ wa lábẹ́rẹ́ lọ́la ti kọ́ ọ dójú àmì.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣe àǹfààní, kí ó fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí ó sì fi ọ̀nà tààrà hàn àwọn ọmọ wa. Āmīn.